Ọba Kì í Pa Ọ̀kọrin, Àbí?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lọ́kàn: ta ló ń fún èèyàn láṣẹ láti sọ̀rọ̀?

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn ti Twitter pa (X ni wọ́n ń pè é báyìí). Ọjọ́ méjì ṣáájú, iléeṣẹ́ náà ti yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, èyí tí Ààrẹ Buhari fi halẹ̀ mọ́ àwọn tó ń dàlú rú, tó sì mẹ́nu ba ogun abẹ́lé. Àlàyé ìjọba ni pé wọ́n ń lo ibẹ̀ fún ohun tó lè tú orílẹ̀-èdè ká. Ó dáa. Orí Twitter yẹn náà ni wọ́n sì ti kéde rẹ̀ o! Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

Nílẹ̀ wa, ọba kì í pa ọ̀kọrin. Bí èfè bá jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ó lè fi ìjòyè kọrin, kó sì délé sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ Òkèbàdàn n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa jẹ: ìlú mọ ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀ èfè. Bó bá purọ́, wọ́n mọ ilé bàbá ẹ̀. Ẹni tó ń fi àwòrán ẹlòmíì bojú lórí ẹ̀rọ ńkọ́? Irọ́ lè pààyàn, mi ò jiyàn. Òwe yẹn nìkan ò tó láti dá ìjọba lẹ́bi.

Ohun tó dá wọn lẹ́bi lójú tèmi ni pé wọn ò wá òpùrọ́ lọ, ọjà ni wọ́n tì. Ìyá tó ń ta aṣọ níbẹ̀, akéwì tó ń kọ ìlà méjì lálẹ́, gbogbo wọn ló jìyà ọ̀hún fún oṣù méje, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. Ṣé orí bíbẹ́ wá ni oògùn orí fífọ́?

Ọ̀pọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n lo VPN. Mínísítà ètò ìdájọ́ ní kí wọ́n gbé irú wọn lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ìfòfindè náà ò bófin mu. Làwọn kan bá ní, "Ẹ ò rí i, wọn ò jẹ̀bi mọ́." Mọ́ kẹ̀? Bó bá jẹ́ adájọ́ ló sọ ọ́ di ẹ̀tọ́, a jẹ́ pé ọ̀daràn ni wọ́n lóòótọ́ fún oṣù méje yẹn, àánú ni wọ́n kàn ṣe wọ́n. Èmi ò gbà jàre. Ẹni tó bá gbà, kó kọ èsì rẹ̀ wá fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀.