Ṣé Èrò Rere Tó?

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí: bí èèyàn bá fi inú kan ṣe nǹkan, tí nǹkan ọ̀hún wá bàjẹ́, ṣé ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi?

Èmi ni akọ̀wé àjọ wa níjọ́un, àwa díẹ̀ tá a wá láti Ẹ̀fọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìjerò máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ àròpọ̀ owó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí owó tuntun bá dé, á pa ti àtijọ́ rẹ́, á kọ àròpọ̀ tuntun. Ó wù mí, mo gbé e wálé. Ohun tí mi ò gbé wálé ni káàdì tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan san 2,000 náírà lé 2,000 tó ti san. Kàkà kí n kọ 4,000, mo pa 2,000 rẹ́, mo tún kọ 2,000 síbẹ̀. Owó oògùn ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tó bèèrè, mo ní, “Ìwé ò lè parọ́.”

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà ní ìparí 2023. Wọ́n mú àtúnṣe kan láti inú Linux tuntun wá sínú 6.1.64, fún ext4, ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì. Àtúnṣe yẹn dáa níbi tó ti wá: ó ń rí i dájú pé gígùn fáìlì wọ àkọsílẹ̀ lẹ́yìn kíkọ tó lọ tààrà sórí dísìkì. Ṣùgbọ́n àtúnṣe mìíràn tó gbójú lé kò bá a wá. Tí wọ́n bá kọ nǹkan tán, àmì ibi tí wọ́n kọ ọ́ dé ò sún síwájú mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e á wá lọ gun orí ti ìṣáájú. Ìwé mi gẹ́lẹ́!

Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, àwọn Debian dá 12.3 dúró, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fáyé gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, 12.4 jáde pẹ̀lú Linux 6.1.66, tí àtúnṣe kejì ti wà nínú rẹ̀.

Ibi tí mo dé rèé: inú rere lè gba èèyàn lọ́wọ́ orúkọ olè, kò lè gbà á lọ́wọ́ gbèsè. Àṣìṣe ni pípa tí mo pa 2,000 rẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo sọ ọmọ ọlọ́mọ di òpùrọ́ nítorí ìwé. Mo dìde nípàdé, mo jẹ́wọ́, mo san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá rí ọgbọ́n tó dáa nílé onílé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń gbé e ró níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e wálé.