Ibi Mẹ́rin Péré

Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ní ìlú Sakai, lágbègbè Osaka ní Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnlò ike omi, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bu erùpẹ̀, ẹrẹ̀ àti omi ìdọ̀tí lọ yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí bakitéríà kan tó ń fi ike ṣe oúnjẹ. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ ọ́, Ideonella sakaiensis. Nígbà tí Shosuke Yoshida àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, ariwo ta káàkiri ayé.

PET ni ike tí à ń wí, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ike omi àti ti ẹlẹ́rìndòdò. Ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ oríṣi méjì tí a sín gbọọrọ. Èròjà kan tí bakitéríà náà ń tú jáde, tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù, ní í já okùn rẹ̀. Bó bá já tán, a lè ṣa àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà, ká fọ̀ wọ́n mọ́, ká tún wọn sín di ike tó mọ́ gaara bíi ti àkọ́kọ́. Èyí tí a kàn yọ́ lórí iná tí a tún rọ, agbára rẹ̀ á máa dín, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni bakitéríà Sakai jẹ, ó sì gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ike ti kún ọgbà rẹ̀ kò lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé rírí kọ́ ni ìtayọ. Ẹni tó rí nǹkan he ṣoríire; ohun tó bá fi ṣe la fi ń mọ̀ bóyá ó mọṣẹ́.

Ìdí ẹ́ńsáìmù mìíràn, tí ariwo rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ni mo ti rí ọwọ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Inú ewé jíjẹrà ní Osaka kan náà ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 2012. Awọ fẹ́lẹ́ tó bo ara ewé ni Ọlọ́run dá a fún láti máa tú. Ike kò sí nínú àdéhùn. Alain Marty ti iléeṣẹ́ Carbios àti àwọn olùwádìí ní Toulouse, ní Faransé, ló tún un ṣe fún iṣẹ́ ike. Wọ́n mọ̀ pé PET kì í rọ̀ àfi tí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, bí kò bá sì rọ̀, ẹ́ńsáìmù kò ní ríbi bù jẹ. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Kálísíọ̀mù ni ẹ́ńsáìmù náà ń fara tì tẹ́lẹ̀ kó má baà tú nínú ooru. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́rùn kálísíọ̀mù, wọ́n fi ìdè imí-ọjọ́ so ojú ibẹ̀ pọ̀. Lápapọ̀, ibi mẹ́rin péré ni wọ́n yí padà lára rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ìwé àtìgbàdégbà Nature gbé èsì rẹ̀ jáde: nínú ooru ìwọ̀n 72, láàárín wákàtí 10, ìdá 90 nínú 100 ike náà ti tú palẹ̀.

Ibi mẹ́rin! Ẹni tí kò mọṣẹ́ ì bá ti yí ogójì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kí wọ́n tó mọ ibi mẹ́rin yẹn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n ti dán wò tí wọ́n jù nù, a kì í sì í ka ìyẹn mọ́ oríyìn. Wọn kò tún tìtorí pé ará Jàpáànù ló kọ́kọ́ rí i kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí mọ ààlà rẹ̀ pẹ̀lú. PET fúnra rẹ̀, bó bá dì jù, wọ́n ní láti kọ́kọ́ yọ́ ọ, kí wọ́n sáré mú un tutù, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí ẹ́ńsáìmù tó ríbi wọlé. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ààlà mìíràn tún wà: ní Èkó, àwọn tó ń ṣa ike omi ń rí i tà. Ṣùgbọ́n ọ̀rá piọ́ wọ́tà tó dí gọ́tà kì í ṣe PET rárá: kábọ́ọ̀nù ló di kábọ́ọ̀nù mú níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sí irú oríkèé tí ẹ́ńsáìmù yìí mọ̀ ọ́n já. Ẹni tó bá ń sọ fún wa pé ẹ́ńsáìmù Toulouse yóò palẹ̀ ọ̀rá mọ́ ní gọ́tà Mushin, ìpolówó ọjà ló ń ṣe.