Ṣé Ó Tọ́ Kí A Tú Ọ̀kan Kí Èkejì Lè Rìn?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun ojú omi la fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Ọdún 1982 ni Ọmọ Ogun Ojú Omi Nàìjíríà gba Aradu, fírígéètì tí ń yin mísáìlì, tí wọ́n kàn ní Hamburg, nílẹ̀ Jámánì. (Àwa tí a ń gbé Kàdúná kò nílò ògbufọ̀: ààrá ni Haúsá ń pè bẹ́ẹ̀.) MEKO 360 ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Márùn-ún péré ni wọ́n kàn láyé: tiwa kan, ti Ajẹntínà mẹ́rin. Ohun tí àwọn tó kàn án fi ń yangàn ni pé àwọn ohun ìjà rẹ̀ wà ní ìpín-ìpín, a lè yọ ọ̀kan kí a fi òmíràn rọ́pò láìtú ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n pé nǹkan rọrùn láti pààrọ̀ kò sọ pé èyí tí a ó fi pààrọ̀ wà nílé. Aradu lọ sí Portsmouth ní 2005, fún ìrántí igba ọdún ogun Trafalgar. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi so mọ́ èbúté l'Ékòó. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Kò ní àbúrò nílé tí a lè yá páàtì lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ti Amẹ́ríkà, Oliver Hazard Perry, pọ̀ ní tirẹ̀: 71 ni wọ́n kàn. Nígbà tí ilẹ̀ Tọ́kì gba mélòó kan, wọ́n gba ọ̀kan tó ń jẹ́ Duncan mọ́ ọn, kì í ṣe láti fi jagun, bí kò ṣe láti máa yọ páàtì lára rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ní ìwà òṣì nìyẹn. A ò gbà. Tọ́kì kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti ka Duncan mọ́ òkú. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà ni kí a yọ nǹkan lára ọkọ̀ kan, kí ó ṣì máa jẹ́ odindi nínú ìwé. Gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀ ni, ẹni tí yóò san án kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí a ń jẹ ẹ́. Lójú agbami, mẹkáníìkì wo ni atukọ̀ fẹ́ pè?

A mọ ohun tí a ń sọ. Níbi iṣẹ́ wa nígbà kan, ọkọ̀ méjì la ní. Táyà àkọ́kọ́ bẹ́, wọ́n yọ sípéà ti èkejì fi sí i, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn yóò dá a padà. Nínú lẹ́jà, "ó pé" la kọ. Àwa náà la fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, awakọ̀ gbé èkejì lọ sí Zaria pẹ̀lú àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ méjì. Táyà bẹ́ lóru, inú igbó ni ilẹ̀ mọ́ bá wọn.

Nígbà tó dé, kò bú wa. Ó ní kí a jọ̀ọ́ ṣí lẹ́jà náà han òun.