Ìwádìí Kì í Ṣe Àbá Dídá

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó mọ ohun tí ó pamọ́ àti ohun tí ó hàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ilé tèmi ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà tí a ń kọ àkọsílẹ̀ sàká mọ́sáláṣí yìí sí, ni fóònù mi bá dún. Ẹni tí ó pè kí mi ní sàláámà, ó pè mí ní Àáfà, ó sì dárúkọ mi láìṣì í pè. Ó ní láti ilé ìfowópamọ́ mi ni òun ti ń pè, pé BVN mi ní ìṣòro, àti pé bí a kò bá tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, n kò ní lè fọwọ́ kan owó mi mọ́. Ó ní kí n ṣí lẹ́tà tí òun fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí n sì ka nọ́mbà mẹ́fà tí yóò wọlé sórí fóònù mi sí òun létí. Mo ti ka mẹ́rin kí ìyàwó mi tó béèrè láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá Mọríámọ̀, ta ni ẹ ń ka nọ́mbà fún?" Mo dákẹ́. Mo ní kí ọkùnrin náà jẹ́ kí n pè é padà. Ẹni tí ó kí mi ní sàláámà bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ mi. Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní àwọn kò pè mí.

Ohun tí ó dùn mí jù kọ́ ni nọ́mbà mẹ́rin náà. Bí ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀, ọkàn mi ń sọ pé kí n bi í léèrè, ṣùgbọ́n mo ka ìbéèrè sí ẹ̀ṣẹ̀. Mo ní Mùsùlùmí ni, èrò rere ni ó tọ́ sí i. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléékéú ní Súrà Al-Hujurat!

Nínú súrà yẹn, áyà kejìlá kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá. Ṣáájú rẹ̀, ní áyà kẹfà, Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ dájú, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn ní ibi. Àṣẹ méjèèjì kò ta ko ara wọn. Ẹni tí ó ń dá àbá gba ohun tí kò mọ̀ gbọ́. Ẹni tí ó ń wádìí kọ̀ láti gbà á gbọ́ títí yóò fi mọ̀. Èmi gan-an ni mo dá àbá lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nítorí pé mo dá a lábàá pé òṣìṣẹ́ báǹkì ni ọkùnrin náà.

Ẹ tún wo ìdí tí áyà náà sọ: kí a má baà pa ẹlòmíràn lára. Bí oníjìbìtì bá gba nọ́mbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí yín, WhatsApp yín di tirẹ̀. Orúkọ yín àti àwòrán yín ni yóò fi kọ̀wé sí régbérégbé yín pé ẹ wà ní ọsibítù, kí wọ́n tètè yá yín lówó. Wọn yóò fi í ránṣẹ́, nítorí ẹ̀yin ni wọ́n fọkàn tán. Àmánà ni ìfọkàntán yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ àwọn opó àti ọmọ òrukàn tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé mi, àwọn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin mọ̀ pé wọ́n gba sàká. Kì í ṣe owó mi nìkan ni mo fẹ́ fi tọrẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn tí kò kàwé nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Láàárín 1995 sí 1998, ọ̀gá kan ní báǹkì Banco Noroeste ní ilẹ̀ Brazil kó nǹkan bí mílíọ̀nù 242 dọ́là fún àwọn oníjìbìtì ilẹ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn pe ara rẹ̀ ní gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Wọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú ni àwọn fẹ́ kọ́ sí Àbújá. Kò sí pápákọ̀ kankan. Àjọ EFCC gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ní 2005. (Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kó owó wálé tí ẹ kò béèrè ibi tí ó ti rí i, ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.)

Súrà An-Nur, ní áyà kẹtàdínlọ́gbọ̀n àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, kọ́ wa pé kí ẹni tí ó fẹ́ wọ ilé onílé tọrọ ààyè. Bí wọ́n bá ní kí ó padà, kí ó padà. Ilé ni kọ̀ǹpútà, ilé ni fóònù. Ẹ sọ fún ẹni tí ó pè yín pé ẹ ó fúnra yín pe nọ́mbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì báǹkì yín. Òṣìṣẹ́ tòótọ́ yóò ní kò burú. Oníjìbìtì kò ní fẹ́ padà, nítorí ìkánjú àti ìbẹ̀rù ni irinṣẹ́ rẹ̀. PIN àti OTP kì í ṣe ohun tí à ń kà sí ẹnikẹ́ni létí, ì báà kí yín ní sàláámà nígbà ọgọ́rùn-ún. Ẹ má sì gba àjèjì láàyè láti ní kí ẹ fi ohun tí yóò máa fi darí kọ̀ǹpútà yín láti òkèèrè sí orí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti kó sí wọn lọ́wọ́, kí ó pe báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì kéde fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Bàbá kan láàárín wa fi tirẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá nítorí ìtìjú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fi owó ránṣẹ́ sí olè ní gbogbo ọjọ́ náà. Òun ni ó ní kí n sọ ọ́ lórí mínbárì.

Lẹ́yìn ìrun, Mọríámọ̀ yóò wà pẹ̀lú àwọn obìnrin, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì yóò sì jókòó lẹ́bàá ibi àlùwàlá. Ẹ gbé fóònù yín wá, kí wọ́n bá yín fi àgádágodo kejì sí WhatsApp yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó tẹ nọ́mbà rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ fún wọn.