Ìrun Wákàtí Márùn-ún Nínú Òjò: Ìtumọ̀ Ìdẹ̀kùn àti Ààlà Rẹ̀

  

Ìlú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù wà ní ẹ̀bá odò Wouri, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú ńlá tí òjò ti ń pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 3,500 mílímítà lọ, oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni ó sì máa ń le jù. Ní àdúgbò bíi New-Bell, níbi tí àwọn Mùsùlùmí Haúsá, Bamum àti àwọn mìíràn ń gbé, omi àti ẹrẹ̀ a máa gba ojú ọ̀nà. Ìbéèrè tí ó jẹyọ ni pé: ǹjẹ́ òjò lè mú ìrun kúrò lọ́rùn Mùsùlùmí? Bí kò bá lè mú un kúrò, ìdẹ̀kùn wo ni ẹ̀sìn ṣe fún un?

Ní àkọ́kọ́, òjò kò mú ìrun kúrò. Nínú Súrà An-Nisā’ (4), ẹsẹ 103, Ọlọ́hun jẹ́ kí ó yé wa pé ọ̀ranyàn tí a fi àkókò sí ni ìrun jẹ́ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Ẹsẹ 102 tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣe àlàyé bí a ó ṣe kírun lójú ogun: ìjọ kan yóò máa kírun, ìjọ kejì yóò máa ṣọ́nà. Bí ogun kò bá mú ìrun kúrò, mélòómélòó ni òjò? Nínú hádíìsì Imran ọmọ Husayn tí Bukhari kọ sílẹ̀, aláìsàn tí kò lè dúró yóò jókòó kírun. Bí kò bá lè jókòó, yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i. Ọ̀nà tí a fi ń kírun ni ẹ̀sìn ń dẹ̀, kì í ṣe ìrun fúnra rẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ìdẹ̀kùn wà fún ọjọ́ òjò. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí òjò rọ̀, Ibn Abbas ní kí ládàánì rẹ̀ kéde pé kí àwọn ènìyàn kírun nínú ilé wọn. Nígbà tí ó yà wọ́n lẹ́nu, ó ní ẹni tí ó lóore ju òun lọ ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n máa rìn nínú ẹrẹ̀. Nínú másíhábù Maliki, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti Kamẹrúùnù ń tẹ̀lé, lẹ́mọ́mù lè pa Magribi àti Ishai pọ̀ ní mọ́sálásí nítorí òjò. Àwọn onímọ̀ Shafi‘i fẹ̀ ẹ́ dé Zuhri àti Asri, àwọn Hanafi kò gbà á.

Ṣùgbọ́n ìdẹ̀kùn yìí ní ààlà. Jámáà tí ó péjọ sí mọ́sálásí ni a ṣe é fún. Ẹni tí ó wà nínú ilé tàbí nínú ìsọ̀ rẹ̀ yóò kí ìrun kọ̀ọ̀kan ní àkókò rẹ̀. Ẹni tí ó bá torí òjò tàbí ọjà kó Zuhri, Asri, Magribi àti Ishai jọ di òru, kò sí másíhábù kankan tí ó dá a láre. Ìmẹ́lẹ́ ni èyí, kì í ṣe ìdẹ̀kùn.

Àǹfààní ìrun pàápàá so mọ́ àkókò rẹ̀. Nínú hádíìsì tí Abu Hurayra gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ìrun márùn-ún wé odò tí ń ṣàn lẹ́nu ọ̀nà ènìyàn, tí ó ń wẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, tí ìdọ̀tí kò fi kù sí i lára. Ẹni tí ó bá fi gbogbo ìwẹ̀ ọjọ́ náà di òru, ẹrẹ̀ àárọ̀ yóò wà lára rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Súrà Al-‘Ankabūt (29), ẹsẹ 45, fi hàn pé ìrun a máa kọ ìwà ìbàjẹ́ fún ènìyàn. Oníṣòwò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ forí kanlẹ̀ fún Olúwa rẹ̀ ní Zuhri, ojú yóò tì í láti padà sí ìsọ̀ lọ dín òṣùwọ̀n kù. Ẹni tí ó di òru kí ó tó kírun ti tajà tán kí ìkìlọ̀ tó dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ kí ẹní àti omi àlùwàlá wà nítòsí ibi iṣẹ́ yín, kí àwọn lẹ́mọ́mù sì kọ́ jámáà ní ìdẹ̀kùn pẹ̀lú ààlà rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi wá sínú àwọn tí ń ṣọ́ ìrun wọn, nínú ọ̀dá àti nínú òjò. Àmín.