Ta Ni Ó Bú Obìnrin Yìí?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo bàbá kan, olùkọ́, oníwà tútù, ẹni tí kò gbé ohùn sókè sí ìyàwó rẹ̀ rí láti ọgbọ̀n ọdún. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ kókó kan kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó jí, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo ilé dúpẹ́. Ní òru ọjọ́ kẹrin kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó da ẹ̀kọ mímu nù, ó ní májèlé ni ìyàwó òun bù sí i, ó sì bú u tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláìsàn yòókù fi gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo bi yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni ó bú obìnrin yìí?

Àwọn ẹbí kì í pẹ́ dáhùn. Òmíràn yóò ní ọwọ́ dókítà ni ó yẹ̀. Òmíràn yóò ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Èyí tí ó burú jù ni ẹni tí yóò ní ohun tí ó ti wà nínú bàbá náà tipẹ́ ni ó tú síta. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ oògùn. Láti 1961, tí Galicich, French àti Melby ti Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa rẹ̀, ni àwọn dókítà ti ń lo dexamethasone kí wíwú inú ọpọlọ lè fà. Oògùn rere ni. Síbẹ̀ ó lè gba oorun lójú ènìyàn, ó lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó lè mú inú ẹni dùn ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì lè da iyè ẹlòmíràn rú pátápátá. Levetiracetam, tí a ń lò kí wárápá má baà gbé aláìsàn, lè sọ oníwà tútù di oníbìínú.

Ǹjẹ́ kí a wí pé oògùn ni ó jẹ̀bi, kí ọ̀rọ̀ parí? N kò yára gbà bẹ́ẹ̀. Oògùn kan náà lè mú bàbá yìí máa yọ̀, kí ó ránṣẹ́ pe ọmọ tí ó ti kọ̀ sílẹ̀, kí ó sì fún un ní ilẹ̀. Ọmọ wo ni yóò wí pé, "Bàbá, oògùn ni ó fún mi, ẹ gbà á padà"? Bí a bá dá a láre nítorí èébú, kí ni a óò wí nípa ilẹ̀? (Ìbéèrè yìí ti gba oorun lójú èmi náà, láìlo oògùn.) Lójú tèmi, ọgbọ̀n ọdún ni ẹlẹ́rìí ìwà ọkùnrin, kì í ṣe òwúrọ̀ kan, nítorí náà èébú náà kì í ṣe tirẹ̀, ilẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀.

Ẹni tí mo rí gbèsè lọ́rùn rẹ̀ ni ẹni tí ó mọ̀ tí kò sọ. Àwọn kan ní bí a bá sọ fún aláìsàn, ẹ̀rù yóò bà á, yóò sì da oògùn nù. Òótọ́ ni pé ewu wà níbẹ̀: ẹni tí ó ti lo dexamethasone fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ ti dẹ́kun láti máa pèsè irú èròjà bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, bí ó bá dá a dúró lójijì, ó lè dákú, ẹ̀mí sì lè bọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dín in kù. Ṣùgbọ́n ta ni ń da oògùn nù lóru? Ẹni tí a kò sọ fún ni. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú ọpọlọ tàbí kòkòrò àrùn pẹ̀lú lè da iyè rú, ẹbí kò sì lè mọ ìyàtọ̀ nílé.

Ká ní wọ́n ti wí fún ìyàwó náà pé, "Ìyá, ó lè má sùn, ó lè sọ ohun tí kò jọ ọ́, ẹ tètè pè wá," ì bá gbé abọ́ náà nílẹ̀, ì bá sì ké sí nọ́ọ̀sì. Kò ní jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí di ọ̀sán, kí ó máa ka ohun tí òun ṣe sí ọkọ òun láti ọgbọ̀n ọdún.