Ìdílé Mẹ́ta Tí Ó Jẹ́ Ọ̀kan

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 16:1–13

Iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì kúrò lára mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ẹja kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ lónìí.

Ẹja kan wà nísàlẹ̀ òkun tí wọ́n ń pè ní Cetostoma. Inú òkùnkùn biribiri ni ó ń gbé. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ kéré, kò sì ní ìpẹ́. Ní 1895 ni àwọn onímọ̀ ya irú ẹja bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ bí ìdílé kan. Ní 1956, wọ́n ya ìdílé mìíràn sọ́tọ̀: ẹja kéékèèké tí ń gbé nítòsí ojú omi, tí àwọn kan nínú wọn ní ìrù gígùn bíi rìbọ́ọ̀nù. Ní 1966, wọ́n tún kọ ìdílé kẹta sílẹ̀: ẹja kékeré onímú ńlá, tí kò ní àpòlúkù rárá.

Ta ni yóò pe àwọn wọ̀nyí ní ẹbí? Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀ nínú ìdílé kìíní, abo ni. Ti ìdílé kẹta, akọ ni gbogbo wọn. Ti ìdílé kejì, kò sí èyí tó dàgbà. Ní 2009, DNA wọn, pẹ̀lú àwọn ẹja tí wọ́n bá níbi tí wọ́n ti ń para dà lọ́wọ́, fi hàn pé ìdílé kan ṣoṣo ni: ìyá, ọmọ àti bàbá. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1956, ọmọ Cetostoma ni. Bàbá kì í jẹun mọ́. Ohun tó ti jẹ ní kékeré, tó wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ni ó fi ń gbé.

Wọn kò purọ́ o. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n kọ. Sámúẹ́lì tí í ṣe wòlíì pàápàá, Élíábù ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sí nílé Jésè. Dáfídì wà nídìí àgùntàn, ẹnikẹ́ni kò rántí pè é.

Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, mo kọ ìyàwó kan sí abẹ́ "aláìbìkítà", nítorí ọdún kan gbáko kò yọjú sí ìpàdé. Ìgbà tí a lọ sìnkú ìyá ọkọ rẹ̀ ni mo gbọ́ pé rọpárọsẹ̀ ló dá ìyá náà dùbúlẹ̀, òun nìkan ló sì ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ. Mo sunkún lẹ́bàá ibojì, àwọn ènìyàn rò pé òkú ni mo ń sun.

Rẹ́jísítà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èmi yóò mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ ilé ẹnikẹ́ni tí a ti fàlà sí lórúkọ níbẹ̀, kó sọ fún mi, kí a jọ lọ.